Bí Ẹ Ṣe Lè Po Ìpara fún Àmì Dúdú Nílé, Láì Bó Ara Yín

"Kí ni mo lè pò tí àpá irorẹ́ ojú mi á fi lọ?" Ìbéèrè yìí lẹ̀ ń bi mi jù, ìdáhùn mi kì í sì í dùn mọ́ ẹlòmíì nínú. Ìpara tí mo fẹ́ júwe yìí kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ 3. Ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 kí ojú tó rí i. Èyí tó bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ 3, awọ ló ń bó. Ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo ara òun pọ́n kó má wulẹ̀ kà á síwájú. Ẹni tó bá fẹ́ kí ibi tó dúdú padà bá ìyókù ara mu, òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú àmì tó jẹ́

Àpá irorẹ́, ojú ibi tí ẹ̀fọn ti jẹni, ibi tí abẹ ìfárí ti ha, àti àwọ̀ dúdú tí oòrùn tàbí oyún mú wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí: àwọn wọ̀nyí ni ìpara yìí lè ṣe nǹkan sí. Ẹ má po nǹkan kan tó bá jẹ́ pé:

- Àmì náà ń tóbi sí i, ó ń yí àwọ̀ padà, ó ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ní àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí lábẹ́ èékánná. Dókítà awọ ara ni kẹ́ ẹ lọ bá, ẹ má sì fi falẹ̀.
- Ọrùn tàbí abíyá ló dúdú, tí awọ ibẹ̀ ki, tó sì rí bí aṣọ àrán lọ́wọ́. Àtọ̀gbẹ tàbí ìsanrajù ló sábà máa ń wà nídìí ìyẹn. Ẹ lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò. Kò sí ìpara tó lè fọ̀ ọ́ kúrò.
- Irorẹ́ ṣì ń yọ lójoojúmọ́. Ẹ tọ́jú irorẹ́ ná, torí àpá tuntun á máa gba ipò èyí tó ń lọ.

Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an

Niacinamide ni, ìyẹn fítámì B3. Nísàlẹ̀ awọ làwọn sẹ́ẹ̀lì kan ti ń ṣe àwọ̀ ara wa, tí wọ́n sì ń gbé e fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà lókè. Tí awọ bá ti fara gbọgbẹ́ tàbí tí oòrùn bá ti pa á jù, wọ́n á máa gbé e lọ ju bó ṣe yẹ lọ. Niacinamide ń dín gbígbé yẹn kù. Kò pa sẹ́ẹ̀lì kankan, kò sì bó nǹkan kan, ìdí nìyẹn tó fi ń lọ́ra.

Ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ni mo dúró lé. Lọ́dún 2011, àwọn dókítà kan ní Mẹ́síkò gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí obìnrin 27 tí ojú wọn dúdú látàrí melasma, ìyẹn àwọ̀ dúdú tí oòrùn tàbí oyún ń mú wá sójú. Fún ọ̀sẹ̀ 8, wọ́n fi niacinamide ìdá 4 pa ẹ̀gbẹ́ ojú kan, wọ́n sì fi hydroquinone, oògùn tó ń dín àwọ̀ dúdú kù, ìdá 4 pa ẹ̀gbẹ́ kejì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ niacinamide, ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló rí ìyàtọ̀ tó dáa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ hydroquinone, ìdá 55 ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ti ara tó ń yún tàbí tó ń ta: ìdá 18 fún ti àkọ́kọ́, 29 fún èkejì. Èmi á fara mọ́ ìyàtọ̀ kékeré yẹn, kí awọ mi lè sinmi. Ẹ má sì rò pé tí ẹ bá sọ ọ́ di ìdá 10 á yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú kàn lè máa pọ́n, kó máa ta yín ni.

Èròjà fún gíráàmù 100

Ẹ má po ju èyí lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kó tó bàjẹ́ lẹ máa ti lò ó tán.

Apá omi:
- omi distilled, gíráàmù 73
- glycerine, gíráàmù 4

Apá òróró:
- òróró sunflower tàbí ti èso àjàrà, gíráàmù 7
- emulsifying wax, gíráàmù 6
- òrí, gíráàmù 5

Èyí tó ń wọlé nígbà tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́:
- niacinamide, gíráàmù 4
- phenoxyethanol, gíráàmù 1

Ẹ jẹ́ kí n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ibi tí wọ́n ti ń ra ayédèrú nìyí.

*Omi.* Ẹ ra distilled, ìyẹn omi tí wọ́n ti yọ àwọn nǹkan tó yọ́ sínú rẹ̀ kúrò, nílé ìtajà oògùn. Omi bátìrì tí àwọn mẹkáníìkì ń tà kọ́ là ń sọ o. Nígbà míì ásíìdì ló wà nínú ike náà, ojú yín sì kọ́ lẹ máa fi dán an wò. Píọ̀ wọ́tà ṣeé mu, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan tó yọ́ sínú rẹ̀ lè ya ìpara sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Omi kànga ńkọ́? Rárá.

*Niacinamide.* Ìyẹ̀fun funfun ni, kò ní òórùn. Ẹ da díẹ̀ sínú ṣíbí omi kan, kẹ́ ẹ sì rò ó. Ojúlówó á yọ́ kíákíá, omi náà á sì mọ́ gaara. Tí omi bá ṣú, tó pọ́n, tàbí tí ẹrù kan jókòó sísàlẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ní Ọjọ́tà l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń ta kẹ́míkà, wọ́n máa ń bù ú sínú ọ̀rá tí kò ní àkọlé kankan. Ẹ ní kí wọ́n fi àpò tí wọ́n ti bù ú hàn yín, kẹ́ ẹ ka orúkọ ara rẹ̀ fúnra yín. Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà lè rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì nínú ike kékeré tó ní àkọlé.

*Emulsifying wax.* Òun ló ń so omi àti òróró pọ̀. Ìda oyin kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, bó ti wù kẹ́ ẹ rò ó tó.

*Òrí.* Èyí tí kò ní lọ́fíńdà. Tí ó bá ní èérí, ẹ yọ́ ọ, kẹ́ ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n. Òróró àgbọn lè rọ́pò òróró sunflower tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀yìn lẹ fẹ́ pa. Lójú, ó máa ń dí ihò awọ, irorẹ́ á sì tún dé.

*Phenoxyethanol.* Òun ló ń lé kòkòrò àìfojúrí kúrò nínú ìpara. Ibí yìí ni mo ti máa ń bá ọ̀pọ̀ nínú yín jà. "Mi ò fẹ́ kẹ́míkà, ti ìbílẹ̀ ni mo fẹ́." Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìpara tó ní omi nínú, tí kò ní ohun tó ń lé kòkòrò àìfojúrí, oúnjẹ ni fún wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọ́n lè ti kún inú ike náà, kó má rùn, kó má yí àwọ̀, kẹ́ ẹ sì máa fi pa ibi tí irorẹ́ ti bẹ́. Fítámì E kò lè gbà yín. Òróró ni kì í jẹ́ kó kan, kì í pa kòkòrò. Fíríìjì náà kàn ń sún ọjọ́ ìbàjẹ́ síwájú díẹ̀ ni, ẹ sì mọ bí iná ìjọba ṣe rí. Ẹ ra èyí tí wọ́n ti pò mọ́ ethylhexylglycerin, tó ń fún un lágbára sí i, bẹ́ ẹ bá rí i. Ẹ má ṣe kọjá gíráàmù 1 nínú 100.

Irinṣẹ́

- òṣùwọ̀n oníná tó ń ka ìdá mẹ́wàá gíráàmù. Ti ilé ìdáná tó ń fò láti 1 sí 2 kò ní wọn gíráàmù 1 yín dáadáa
- abọ́ 2 tí kì í fọ́ nínú iná, ife kékeré 1, ìkòkò fífẹ̀ 1
- tẹmómítà
- ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń po wàrà, tàbí ṣíbí onírin tó mọ́. Ìjábẹ̀ tẹ́ ẹ fi ń ja ewédú kó jókòó síbi tó wà
- ìwé ìdánwò pH, tó ń sọ bí ásíìdì inú nǹkan ṣe pọ̀ tó
- ike tó ní ọrùn ìtẹ̀, tí ìka kò ní máa wọnú rẹ̀
- ìbọ̀wọ́, àti sípíríìtì ìdá 70

Bí ẹ ṣe máa pò ó

1. Ẹ fi ọṣẹ fọ gbogbo irinṣẹ́ àti ike, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá fi sípíríìtì nù ún. Ẹ má fi aṣọ nu sípíríìtì yẹn kúrò, ẹ jẹ́ kó fẹ́ lọ fúnra rẹ̀. Ẹ parí èyí kẹ́ ẹ tó tan iná rárá. Sípíríìtì àti gáàsì kì í ṣe ọ̀rẹ́.

2. Ẹ se omi distilled náà kó hó, kẹ́ ẹ dé e títí á fi tutù. Ẹ wọn gíráàmù 15 nínú rẹ̀ sínú ife, ẹ da niacinamide gíráàmù 4 sí i, kẹ́ ẹ rò ó títí kò fi ní sí wóró kankan nísàlẹ̀. Ẹ dé ife náà, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

3. Nínú abọ́ àkọ́kọ́, ẹ wọn omi tó kù, gíráàmù 58, pẹ̀lú glycerine gíráàmù 4. Ẹ wọn abọ́ àti ohun inú rẹ̀ pọ̀, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀. Ẹ máa nílò rẹ̀.

4. Nínú abọ́ kejì, ẹ wọn emulsifying wax, òrí àti òróró.

5. Ẹ bu omi sínú ìkòkò fífẹ̀, ẹ gbé abọ́ méjèèjì sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ tan iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Omi ìkòkò kò gbọdọ̀ ta sínú abọ́. Ẹ dé abọ́ omi. Nígbà tí wax bá yọ́ tán, tí abọ́ méjèèjì sì wà láàárín 70°C sí 75°C, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ má gbé òróró ka iná tààrà. Á jóná kí wax tó yọ́.

6. Ẹ gbé abọ́ omi jáde, ẹ nu ìdí rẹ̀ gbẹ, kẹ́ ẹ tún un wọ̀n. Omi á ti fẹ́ lọ díẹ̀. Ẹ bu omi distilled gbígbóná sí i títí á fi padà sí nọ́ńbà tẹ́ ẹ kọ. Ẹni tó bá fo ibí yìí máa ń wá bi mi pé kí ló dé tí ìpara òun fi ki ju ti àná lọ.

7. Ẹ rọra máa da òróró gbígbóná sínú omi gbígbóná, kẹ́ ẹ máa rò ó bẹ́ ẹ ṣe ń dà á. Lójú ẹsẹ̀ ló máa funfun. Ẹ fi ẹ̀rọ pò ó fún ìṣẹ́jú 2 sí 3, kí ẹnu ẹ̀rọ náà wà nísàlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má bàa wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣíbí máa rò ó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bó ṣe ń tutù. Ó máa ṣàn nígbà tó bá gbóná, ẹ̀rù á sì bà yín pé ẹ ti bà á jẹ́. Ẹ má fi wax kún un. Bó bá ṣe ń tutù lá máa ki. Ẹ máa rí i tí ṣíbí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipa sílẹ̀ lójú rẹ̀.

8. Nígbà tó bá ti wálẹ̀ sí 40°C, tẹ́ ẹ lè fọwọ́ gbá ìdí abọ́ náà mú láì jó yín, ẹ da omi niacinamide sí i díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa rò ó. Phenoxyethanol ló kẹ́yìn. Ẹ rò ó dáadáa fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, kẹ́ ẹ ha ẹ̀gbẹ́ abọ́ wálẹ̀, kó má bàa dúró sójú kan.

9. Ẹ fi ìwé pH kàn án. Láàárín 5 sí 7 ló dára, 6 ni mo fẹ́ràn jù. Tó bá wà níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Tó bá ju 7 lọ, ẹ yọ́ ásíìdì citric tó kéré gan-an sínú ṣíbí omi kan, kẹ́ ẹ máa kán an sí i ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa wọ̀n ọ́n wò. Tó bá lọ sílẹ̀ jù, niacinamide lè yí padà sí oríṣi B3 mìíràn tó ń mú ojú gbóná, tó sì ń mú un pọ́n.

10. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bo abọ́ náà títí á fi tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó rọ ọ́ sínú ike. Tẹ́ ẹ bá dé e nígbà tó ṣì gbóná, ooru omi á jókòó sábẹ́ ìdérí, ibẹ̀ ló sì ti máa kọ́kọ́ bu. Ẹ kọ ọjọ́ sára rẹ̀. Oṣù 3 ni kẹ́ ẹ fi lò ó, níbi tó tutù tí oòrùn kì í dé.

Kẹ́ ẹ tó fi kan ojú

Ẹ fi díẹ̀ pa inú ìgbọ̀nwọ́ tàbí ẹ̀yìn etí, láàárọ̀ àti lálẹ́, fún wákàtí 48. Tí ibẹ̀ bá pọ́n, tó yún, tàbí tó wú, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò, ìpara yẹn kì í ṣe tiyín. Ẹ̀yin tí awọ yín tètè máa ń bínú, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú niacinamide gíráàmù 2, kẹ́ ẹ fi omi gíráàmù 2 dí àlàfo rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa lò ó

Láàárọ̀ àti lálẹ́, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fọ ojú. Ìwọ̀n èso ẹ̀wà kan tó fún gbogbo ojú. Kò pọndandan kẹ́ ẹ ha ojú tàbí kẹ́ ẹ fi kànrìnkàn bó o. Ojú tẹ́ ẹ bá fi kànrìnkàn ha, àmì dúdú tuntun lẹ̀ ń gbìn síbẹ̀. Ọṣẹ dúdú ń gbẹ awọ, torí náà tó bá ti ń fa ojú yín, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ara.

Èyí tó wá ṣe pàtàkì ju ìpara fúnra rẹ̀ lọ ni sunscreen, ìyẹn ìpara tó ń dènà oòrùn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: tẹ́ ẹ bá po ìpara yìí láì kù síbì kan, tẹ́ ẹ sì jáde sóòrùn láì bo ojú, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lè bàjẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Oòrùn ló ń pàṣẹ fún awọ pé kó ṣe àwọ̀ dúdú sí i.

- SPF (ìwọ̀n agbára tó fi ń dènà oòrùn) 30 ó kéré tán, gígùn ìka 2 fún ojú àti ọrùn
- ẹ tún un pa ní wákàtí 2 sí 2 tẹ́ ẹ bá wà níta
- fún melasma, ẹ ra èyí tó ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, tí wọ́n fi iron oxide sí. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí náà máa ń ṣokùnfà melasma, sunscreen funfun lásán kì í sì í dá a dúró
- ẹ má po sunscreen nílé. Zinc oxide, ìyẹ̀fun tó ń dènà oòrùn nínú rẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi ṣíbí rò kì í tàn káàkiri, ẹ ò sì ní mọ ibi tí kò dé
- òrí nìkan kò lè dènà oòrùn

Ẹ ya fọ́tò níwájú fèrèsé kan náà lọ́sẹ̀ 4 sí 4. Ẹni tó ń wo dígí lójoojúmọ́ kì í rí ìyàtọ̀.

Tó bá ṣe ségesège

- *Omi yà sọ́tọ̀.* Abọ́ kan tutù ju ìkejì lọ nígbà tẹ́ ẹ pò wọ́n, tàbí wax kò pé. Tí kò tíì ju wákàtí kan lọ, tẹ́ ẹ ò sì tíì fi niacinamide sí i, ẹ gbé e padà sí 70°C kẹ́ ẹ tún un pò. Tẹ́ ẹ bá ti fi sí i, ẹ dà á nù.
- *Ó ń ṣe wóró tó ń yọ́ lábẹ́ ìka.* Òrí ló tutù díẹ̀díẹ̀ jù. Kò léwu. Nígbà míì, ẹ gbé abọ́ sínú omi tútù bẹ́ ẹ ṣe ń rò ó.
- *Ó ń ṣe wóró tó ń ha ara, tí kì í yọ́.* Niacinamide kò yọ́ tán ní ìpele 2. Ẹ má fi pa ojú.
- *Ó ń hó funfun tẹ́ ẹ bá ń fi para.* Wax ló ń fà á. Ẹ dín in kù sí gíráàmù 5 nígbà míì, kẹ́ ẹ fi òróró gíráàmù 1 kún un.
- *Òórùn yí padà, tàbí ó ní tó-tò-tó.* Ẹ dà á nù. Ẹ má ha orí rẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ máa lo ìsàlẹ̀.

Ohun tí kò gbọdọ̀ wọ inú abọ́ yín

*Omi ọsàn wẹ́wẹ́.* Gbogbo ènìyàn ló ń dárúkọ rẹ̀. Ásíìdì inú rẹ̀ le ju ohun tí awọ lè gbà lọ, ó sì tún ní èròjà kan tó jẹ́ pé tí oòrùn bá kàn án lára, á jó awọ, á lé roro, á sì fi àmì tó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ síbẹ̀.

*Sódà ìyan-búrẹ́dì, ọṣẹ ìfọyín, omi bílíìsì ìfọṣọ.* Mo rò pé ti bílíìsì kò nílò àlàyé, àmọ́ ẹ ṣì ń bi mí.

*Hydroquinone.* NAFDAC kò fàyè gba èyí tó ju ìdá 2 lọ nínú ìpara. Ìyẹ̀fun rẹ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà, ta ló máa wọ̀n ọ́n fún yín? Ẹni tó bá lò ó pẹ́, awọ rẹ̀ lè dúdú láwọ̀ aró, èyí tí kì í sábà lọ mọ́. Lọ́wọ́ dókítà nìkan ni, fún ìwọ̀nba oṣù.

*Ìpara inú túùbù.* Àwọn tó ń po kírímù lọ́jà máa ń fún túùbù bíi mélòó kan sínú ike ńlá. Ẹ wo ara páálí rẹ̀: clobetasol, betamethasone. Sitẹ́rọ́ìdì ni wọ́n. Wọ́n á jẹ́ kí ara dán fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà awọ á fẹ́lẹ́, ìlà ara á yọ, irun á hù sójú, egbò kò sì ní tètè jinná.

*Mákúrì.* Ó ń gba awọ wọlé dé kíndìnrín, ó sì lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá. Tẹ́ ẹ bá rí "mercury", "mercurous chloride" tàbí "calomel" lára ike, ẹ má rà á. Ìpara tí kò ní àkọlé èròjà rárá, ẹ kà á mọ́ ìwọ̀nyí.

Tí ẹ ò bá lè pò ó

Kò pọndandan. Ẹ ra omi niacinamide ìdá 5 nílé ìtajà oògùn, ẹ fi pa ojú, kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá fi òrí díẹ̀ lé e. Iṣẹ́ kan náà ni, láì sí ìkòkò. Ìpara azelaic acid náà dára fún ẹni tó ní irorẹ́ àti àpá pọ̀. Ẹ̀yin aláboyún, niacinamide kì í pa oyún lára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú yín mọ ohun tẹ́ ẹ ń lò. Melasma tí oyún mú wá máa ń rọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ lẹ́yìn ìbímọ.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń lo ìpara onítúùbù láti bí oṣù mélòó kan: ẹ má kàn dá a dúró lójijì kẹ́ ẹ wá fi èyí rọ́pò. Ojú lè pọ́n, kó wú, kó máa jó yín lala. Ẹ mú ike tẹ́ ẹ ń lò dání lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara, kó bá yín dín in kù. Tí awọ bá ti balẹ̀, ẹ wá padà sí ìpele 1.